Pàṣán Tó Wà Lájà

Ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn nígbà tí mo wà lọ́mọdé, àwọn onílé máa ń ṣèpàdé ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù, owó ọdẹ ni wọ́n sì máa ń bá ara wọn fà jù. Bàbá mi kì í fẹ́ san án. Kì í ṣe pé kò ní in. Aṣọ ló ń tà ní Gbági, ọjà sì ń yá nígbà náà. Ohun tó ń bí i nínú ni pé kò sẹ́ni tó ń ṣírò owó náà fún un. "Ta ló gbà á? Mélòó ni wọ́n fún ọdẹ? Èyí tó kù dà?" Ó ti rí àwọn agbowó sójú: ti ìjọba ìbílẹ̀ á dé láàárọ̀, ti ẹgbẹ́ ọjà á dé lọ́sàn-án, àwọn kan tí a ò mọ ibi tí wọ́n ti wá á tún dé nírọ̀lẹ́, oníkálukú pẹ̀lú rìsíìtì tiẹ̀. Lójú Bàbá, ẹni tó bá ní kí o mówó wá kóun fi bá ọ ṣọ́ ilé rẹ, àfi kí ìwọ náà máa ṣọ́ ọ.

Lọ́dún kan, adigunjalè wọ ilé mẹ́ta ládùúgbò wa láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo. Ẹ̀rù ba tọmọdé tàgbà. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan dábàá pé kí ilé kọ̀ọ̀kan fún ọdẹ ní kọ́kọ́rọ́, kó lè máa wọ ilé tó bá fura sí lóru láìkan ilẹ̀kùn, kó sì yẹ inú rẹ̀ wò. Bàbá mi, tó máa ń jà lóṣooṣù nítorí náírà méjì, ló kọ́kọ́ nawọ́ sókè pé òun fara mọ́ ọn.

Ìyá mi ni kò gbà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Bàbá ń ròyìn ìpàdé náà nídìí oúnjẹ alẹ́. Ìyá mi gbé ọmọrogùn sílẹ̀, ó ní: "Bàbá Jọkẹ́, náírà méjì lásán, ẹ ò fi lé e lọ́wọ́. Ṣé kọ́kọ́rọ́ ibi táwọn ọmọ yín ń sùn sí lẹ wá fẹ́ fún un?" Bàbá ò fèsì. Ó jẹun tán, ó fọwọ́, ó gbé àga rẹ̀, ó bọ́ síta.

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé Amẹ́ríkà, àmọ́ àríyànjiyàn ìṣèlú kan wà níhìn-ín tó máa ń gbé mi padà sídìí oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ náà. Òun ni ti àwọn tó ní kí ìjọba kéré, tí wọ́n tún ní kí a fún ìjọba kan náà lágbára sí i láti máa tẹ́tí sí fóònù, láti máa tú ẹrù, láti máa há èèyàn mọ́, bí wọ́n bá ti lè pè é ní ààbò orílẹ̀-èdè. Ṣé nǹkan méjèèjì lè jọ gbé inú ilé kan?

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo dúró sí. Inú àwọn tó ń fẹ́ kí ìjọba kéré ni mo wà. Mo ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ kan ní Alief, ní Houston, níbi tí mo ti ń ta èlùbọ́, gàrí, epo pupa, ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ. Mo mọ iye ìwé àṣẹ tí mo gbà kí n tó ṣílẹ̀kùn. Mo mọ iye ọjọ́ tí mo fi dúró de ẹni tó máa wá wo ibi ìfọwọ́. Nígbà tí Ronald Reagan ń gba ọ̀pá àṣẹ ní oṣù kìíní ọdún 1981, ó ní nínú wàhálà tí orílẹ̀-èdè wà nígbà náà, ìjọba kọ́ ni yóò tán ìṣòro, ìjọba gan-an ni ìṣòro. Bí Bàbá mi bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn ní Gbági, á ní kí wọ́n gbé àga fún ọkùnrin náà.

Aládùúgbò mi kan, òyìnbó, tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó sì ti ṣiṣẹ́ ológun rí, gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ jù mí lọ. Ó ní kí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ tó wà ní Washington pa. Ó ní kò sí ohun tó kan ìjọba àpapọ̀ nínú iye ìbọn tó wà nílé òun. Mo bi í pé fóònù tó ń pè ńkọ́? Ó ní òun ò ní nǹkan tóun ń fi pamọ́, kí wọ́n máa gbọ́. Èèyàn gidi ni o. Òun ló bá mi gbé àpò ìrẹsì kúrò nílẹ̀ kí omi ìjì Harvey tó wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́dún 2017. Nítorí náà, mi ò ní bú u. Àmọ́ ọkùnrin tí kò fẹ́ kí ìjọba ka ìbọn òun ló ní kí ìjọba wá máa ka ọ̀rọ̀ ẹnu òun, kò sì rí i pé ọwọ́ kan náà ni yóò kà á.

Èmi ò gbà pé méjèèjì lè jọ gbé. Owó orí burú tó, owó náà ni. Èèyàn lè wá òmíràn. Agbára láti wọlé ẹni, láti gbọ́ ohun tí a ń bá ìyàwó ẹni sọ, láti tì wá mọ́lé kí wọ́n má sì sọ ohun tí a ṣe, ara àti ọkàn ẹni ni ìyẹn ń bá wí. Bí ẹnì kan bá gbà pé òṣìṣẹ́ ìjọba kò lè bójú tó ilé ìwé láìfi owó ṣòfò, láìpurọ́, láìṣojúsàájú, kí ló dé tó fi gbà pé òṣìṣẹ́ ọ̀hún yóò di ẹni mímọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e lọ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí ohun tó ń ṣe?

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 2001 ni George W. Bush fọwọ́ sí òfin tí wọ́n ń pè ní Patriot Act. Ó jẹ́ ọjọ́ 45 péré sí ìgbà tí àwọn agbésùnmọ̀mí fi ọkọ̀ òfurufú pa èèyàn 2,977 ní New York, ní Pentagon àti ní Pennsylvania. Nílé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin, 357 ló dìbò fún un, 66 ló kọ̀ ọ́. Nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, 98 sí 1. Russ Feingold, ọmọ ẹgbẹ́ Democrat láti Wisconsin, nìkan ló ní rárá. Nínú gbogbo àwọn Republican tó wà nílé aṣojú-ṣòfin, àwọn tó kọ̀ ọ́ kò ju mẹ́ta lọ: Ron Paul láti Texas wa níbí, Butch Otter láti Idaho, àti Bob Ney láti Ohio. Ẹgbẹ́ tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kìlọ̀ fún wa nípa ìjọba àpapọ̀, àwọn mẹ́ta ló rántí ìkìlọ̀ náà lọ́jọ́ tó nira láti rántí rẹ̀.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mo gbàgbé ẹ̀rù ọjọ́ yẹn. Mo mọ bó ṣe rí nígbà tí olè ti wọ ilé mẹ́ta.

Kó tó kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún 2020, abala 215 nínú òfin náà gba FBI, ìyẹn àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀, láàyè láti lọ sí ilé ẹjọ́ kan tó ń jókòó ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n gba àṣẹ tí wọ́n lè fi kó ìwé, àkọsílẹ̀, tàbí ohunkóhun tó ṣeé fọwọ́ mú lọ́wọ́ oníṣòwò, títí kan ilé ìkàwé. Ẹni tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ sọ fẹ́nikẹ́ni. Lẹ́tà mìíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní National Security Letter, fún àkọsílẹ̀ fóònù àti ti báńkì. Ìyẹn kò tilẹ̀ nílò adájọ́, ọ̀gá kan ní FBI ló ń fọwọ́ sí i. Mo ní ìwé kan nísàlẹ̀ káńtà tí mo ń kọ orúkọ àwọn tó rajà láwìn sí, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù wọn, àti ọjọ́ tí wọ́n ní àwọn máa san án. Kò sẹ́ni tó wá béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo ka abala 215, mo bá ara mi tí mo ń wo ìwé náà bí ẹni tó ń wo nǹkan tí kì í ṣe tòun nìkan mọ́.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2013 ni Edward Snowden, tó ti bá àwọn ilé-iṣẹ́ amí Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, tú àṣírí pé abala yìí ni ìjọba fi ń gba àkọsílẹ̀ fóònù ọ̀kẹ́ àìmọye ará Amẹ́ríkà lójoojúmọ́ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù: nọ́ńbà tó pè, nọ́ńbà tí wọ́n pè, àkókò, àti bó ṣe pẹ́ tó. Jim Sensenbrenner, Republican tó gbé Patriot Act wá síwájú ilé lọ́dún 2001, bínú. Ó ní kì í ṣe ohun tí àwọn ṣòfin fún nìyí. Mo gbà á gbọ́, inú mi sì dùn pé ó wà lára àwọn tó ṣe òfin tó fòpin sí i lọ́dún 2015. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́tàlá tó kọjá ńkọ́? Ẹni tó bá fún ọdẹ ní kọ́kọ́rọ́, tó wá ń sọ pé géètì nìkan lòun ní kó fi ṣí, ó yẹ kó ti mọ̀ pé kọ́kọ́rọ́ kì í gbọ́ èdè.

Níbo ni wọ́n ti rí ìyàtọ̀ yìí, pé ìjọba burú níbi gbogbo àyàfi níbi ààbò? Kò rí bẹ́ẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Robert Taft, aṣòfin àgbà láti Ohio, tí wọ́n máa ń fi orúkọ ẹgbẹ́ náà pè ní Mr. Republican, dìbò tako àdéhùn NATO, ìyẹn àdéhùn ogun àárín Amẹ́ríkà àti àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, lọ́dún 1949. Lọ́dún 1942, nígbà tí wọ́n mú òfin wá láti fi ti àṣẹ lílé àwọn ará Japan kúrò ní etíkun ìwọ̀-oòrùn lẹ́yìn, Taft ló dìde tó ní òfin náà kò já gaara, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò dènà rẹ̀. Ralph Carr, gómìnà Colorado, Republican lòun náà, lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀. Ó ní ìwọ̀sí sí ìwé òfin ilẹ̀ ni láti kó ọmọ onílùú sí àgọ́ nítorí ojú rẹ̀. Bí ẹgbàá lọ́nà ọgọ́ta èèyàn, ìyẹn 120,000, ni wọ́n kó, ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn ló sì jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà. Carr díje fún ilé aṣòfin àgbà lọ́dún yẹn, ó fìdí rẹmi. Lọ́dún 1988 ni Reagan fọwọ́ sí òfin pé kí wọ́n bẹ àwọn tó ṣì wà láàyè, kí wọ́n sì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní 20,000 dọ́là. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rántí Carr. Òun ló fi hàn mí pé ẹni tó ń bẹ̀rù ìjọba tọkàntọkàn lè ṣì máa bẹ̀rù rẹ̀ nígbà tí ogun ń jà.

Ogun àárín Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà, èyí tí wọn kò yìnbọn sí ara wọn nínú rẹ̀, ló yí nǹkan padà. Lọ́dún 1952, William F. Buckley, tí yóò di olùkọ́ fún ìran kan nínú àwọn conservative, ìyẹn àwọn tó ń fẹ́ kí ìjọba kéré, kọ ọ́ ní gbangba pé níwọ̀n ìgbà tí ìjọba Kọ́múníìsì Rọ́ṣíà bá ṣì ń halẹ̀, a gbọ́dọ̀ fara da ìjọba ńlá: owó orí gọbọi, ọmọ ogun rẹpẹtẹ, àwọn amí, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí kò lóǹkà. Ó ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Mo bọ̀wọ̀ fún òótọ́ inú rẹ̀, nítorí kò purọ́ pé ìjọba kékeré nìyẹn. Ó pè é lórúkọ tó ń jẹ́. Àwọn tó jogún ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbàgbé orúkọ yẹn, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ohun tó bá ti wọ aṣọ ológun kì í ṣe ìjọba.

Ìgbà díẹ̀ náà kò tán. Ìjọba Rọ́ṣíà ìgbà yẹn túká lọ́dún 1991, àwọn ilé-iṣẹ́ amí ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n fi ọjọ́ ìparí sí abala mẹ́rìndínlógún nínú Patriot Act, pé ọdún 2005 ni wọ́n máa kú. Nígbà tó di ọdún 2006, wọ́n sọ 14 nínú wọn di òfin ayérayé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2002, wọ́n ṣòfin láti kó ilé-iṣẹ́ 22 pọ̀ di ilé-iṣẹ́ ààbò abẹ́lé kan ṣoṣo, èyí tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ lé ní 200,000 lónìí. Ààrẹ Republican ló dá a sílẹ̀. Èèyàn tó bá fẹ́ kí ìjọba kéré, tó sì kọ́ irú ilé yẹn, kó jọ̀wọ́ sọ fún mi ibi tó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ tì sí.

Àwa tí a ti Nàìjíríà wá, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé èyí fún wa. Nígbà tí àwọn ológun gbàjọba ní òpin ọdún 1983, wọ́n ní ìnákúnàá àti ìwà ìbàjẹ́ ni àwọn wá dá dúró, inú àwọn bíi Bàbá mi sì dùn dé ẹ̀yìn. Lọ́dún 1984 ni wọ́n gbé Decree 2 jáde: ẹni tí wọ́n bá ti ní ó léwu fún ààbò orílẹ̀-èdè, wọ́n lè tì í mọ́lé láìgbé e dé iwájú adájọ́. Muhammadu Buhari ló ṣe é. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1985, Ibrahim Babangida lé e kúrò. Babangida fagi lé Decree 4 tí wọ́n fi ń há oníròyìn mọ́, gbogbo ayé pàtẹ́wọ́ fún un, ṣùgbọ́n Decree 2 kò kúrò níbi tó wà. Òun ni wọ́n fi mú Gani Fawehinmi léraléra. Abacha náà bá a níbẹ̀, ó sì lò ó. Buhari fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n tì í mọ́ ilé kan ní Benin títí di ọdún 1988, láìsí ẹjọ́ kankan. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Àwọn àgbà wa kò sọ pé ẹni tó kọ́kọ́ mú pàṣán náà burú. Ohun tí wọ́n ní kí a máa wò ni àjà.

Ayé Abacha ni mo rí Bàbá mi tó dín ohùn rédíò kù. Rédíò Kudirat, ti àwọn alátakò Abacha, ló ń gbọ́, ó tẹ orí mọ́ ọn, ó sì ti fèrèsé. Ọkùnrin tó máa ń pariwo nípàdé onílé nítorí náírà méjì, ó ti ń bá aya rẹ̀ sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ nínú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. N kò tíì rí owó orí tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn.

Ní Amẹ́ríkà níbí, pàṣán náà ti rìn jìnnà. Abala 702 nínú òfin mìíràn tó ń jẹ́ FISA, tí wọ́n ṣe lọ́dún 2008, gbà kí wọ́n máa kó ọ̀rọ̀ àwọn àjèjì tó wà lókè òkun láìsí ìwé àṣẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Bí àjèjì tí wọ́n ń ṣọ́ bá bá ará Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀, ti ará Amẹ́ríkà náà wọ inú àpò nìyẹn. Mo máa ń pe ìyá mi ní Ìbàdàn ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ta ló máa ṣọ́ ìyá mi? Kò sí. Ṣùgbọ́n mo mọ ọ̀pọ̀ nínú wa tí iṣẹ́ òwò wọn ń gbé wọn bá ẹni tí wọn kò mọ̀ sọ̀rọ̀ ní Dubai, ní Lomé, ní Guangzhou. Nígbà tí nǹkan bá sì ti wọ inú àpò, FBI lè fi orúkọ ará Amẹ́ríkà wá inú rẹ̀. Lọ́dún 2021 nìkan, irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ tó bíi mílíọ̀nù 3. Ìwé ilé ẹjọ́ ìkọ̀kọ̀ náà tí wọ́n gbé jáde ní oṣù karùn-ún ọdún 2023 sọ ẹni tí wọ́n wá láìtọ́: àwọn tó ṣèwọ́de lẹ́yìn ikú George Floyd, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá pa, àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n wà nílé aṣòfin nígbà tí èrò ya wọ ibẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 2021, àti ẹgbẹ̀rún 19 èèyàn tó dáwó fún olùdíje kan. Ẹ wò ó dáadáa. Àwọn tí kò lè jókòó sórí tábìlì kan náà láéláé, pàṣán kan náà ló bà wọ́n.

Kó tó di ìgbà yẹn ni ti Carter Page ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó ti gba Donald Trump nímọ̀ràn nígbà ìpolongo. Ìgbà mẹ́rin ni ilé ẹjọ́ ìkọ̀kọ̀ gbà kí wọ́n máa tẹ́tí sí i. Ní oṣù kejìlá ọdún 2019, olùbẹ̀wò ilé-iṣẹ́ ètò ìdájọ́ tẹ ìwé jáde pé àṣìṣe àti àfojúfò tó ṣe kókó, tó tó 17, ló wà nínú ohun tí FBI kọ síwájú adájọ́. Agbẹjọ́rò FBI kan gbà níwájú ilé ẹjọ́ lọ́dún 2020 pé òun yí ímeèlì kan padà. Ìgbà yẹn ni ọ̀pọ̀ Republican tó ti ń fi ọdún méjìdínlógún sọ pé kò séwu ṣẹ̀ṣẹ̀ wá pariwo pé ewu wà. Aládùúgbò mi wà lára wọn. Mi ò bá a sọ ọ́ pé ṣebí mo sọ bẹ́ẹ̀. Inú mi dùn pé ó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ìrora ló gbà dé.

Èyí tó máa ń dùn mí jù kan orílẹ̀-èdè mi. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, bàbá kan ní Nàìjíríà, Alhaji Umaru Mutallab, tó jẹ́ gbajúmọ̀ nídìí iṣẹ́ báńkì, gbéra lọ sí ilé-iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ní Abuja. Ó ní ọmọ òun ti lọ bá àwọn alákatakítí ní Yemen, kí wọ́n bá òun wá nǹkan ṣe sí i. Ẹ ro ohun tí ìyẹn jẹ́ fún bàbá. Kò sí ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ tó lè mú ìròyìn tó dájú ju ti ẹnu bàbá ẹni lọ. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Kérésìmesì, Umar Farouk Abdulmutallab wọ ọkọ̀ òfurufú Northwest 253 láti Amsterdam lọ sí Detroit pẹ̀lú bọ́ǹbù nínú àwọ̀tẹ́lẹ̀. Bọ́ǹbù náà kò dún bó ṣe yẹ, àwọn èrò ọkọ̀ ló sì dá a dúró. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2010, Nàìjíríà ti wọ inú àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè 14 tí wọ́n máa ń tú ara àwọn ará ibẹ̀ wò lákànṣe ní pápákọ̀ òfurufú.

Ìròyìn dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sọ ọ́ nù sínú òkìtì. Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ kí ìkọlù ọdún 2001 tó wáyé: CIA, ilé-iṣẹ́ amí tó ń ṣiṣẹ́ lókè òkun, ti ní ìròyìn nípa méjì nínú àwọn tó máa já ọkọ̀ gbà, tí wọ́n ti wọ Amẹ́ríkà, tí wọ́n sì ń gbé San Diego, àmọ́ CIA kò tètè sọ fún FBI. Ìjọba tó tóbi jù kì í rí ohun tó wà lábẹ́ imú rẹ̀. Ohun tí a máa ń sọ nípa ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń tọ́jú ojú ọ̀nà nìyẹn, àwọn conservative ló sì kọ́ mi láti máa sọ ọ́. Kí ló ṣe wọ́n tí wọn kò sọ ọ́ níbi tó ti ṣe pàtàkì jù?

Mo gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Houston lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbọ́n kan dá mi dúró. Ó ní, "Àbúrò mi, bí iná bá ń jó ilé, ta ló ń béèrè rìsíìtì omi? Ààbò ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí a fi dá ìjọba sílẹ̀. Ìwọ tó o ní o fẹ́ kó kéré, ibo lo fẹ́ kó ti lágbára bí kò bá lágbára níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n wúwo, mi ò sì lè fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Mo dá wọn lóhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ. Iná jó, wọ́n gbé omi wá. Ṣùgbọ́n iná ti kú, ogún ọdún ti kọjá, àwọn tó gbé omi wá ṣì wà nínú yàrá wa." Wọ́n wò mí, wọ́n ní kí n jókòó. A ṣì ń bá ọ̀rọ̀ náà bọ̀ títí dòní.

Mo ti rò ó síwá sẹ́yìn. Mo gbà pé ìjọba kékeré gbọ́dọ̀ lè gbèjà ara rẹ̀. Ọdẹ gbọ́dọ̀ ní ìbọn, gbọ́dọ̀ ní fèrè, gbọ́dọ̀ gba owó rẹ̀ lóṣooṣù, bí Bàbá mi tilẹ̀ ń kùn. Ohun tí mi ò gbà ni pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ rẹ̀ kúrò nínú ìṣírò. Lọ́dún 1761, ní Boston, agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ James Otis dúró níwájú ilé ẹjọ́ láti tako ìwé àṣẹ tí ọba Gẹ̀ẹ́sì fi ń gba àwọn aṣọ́bodè láàyè láti wọ ilé èyíkéyìí, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, láìsọ ohun tí wọ́n ń wá. Ẹjọ́ náà kò dá Otis láre. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló wá bí àtúnṣe kẹrin nínú ìwé òfin wọn lọ́dún 1791, pé ìwé àṣẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ ibi tí wọ́n fẹ́ tú àti ohun tí wọ́n fẹ́ mú. Àwọn oníṣòwò tó ń sá fún owó ibodè ló ran Otis níṣẹ́, ẹ jẹ́ ká rántí. Àwọn tó ń jà nítorí owó ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ilẹ̀kùn ilé wọn ti ṣí sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin ọdún 2024, ilé aṣojú-ṣòfin dìbò lórí àbá kan tó rọrùn: kí FBI tó fi orúkọ ará Amẹ́ríkà wá inú àpò abala 702, kó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ adájọ́. Ìbò 212 ní bẹ́ẹ̀ ni, ìbò 212 ní rárá. Ọ̀mì túmọ̀ sí pé àbá náà kú. Wọ́n sì fi ọdún méjì kún ọjọ́ orí abala náà. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ Republican. Ó jìnnà sí mẹ́ta ọdún 2001. Ṣùgbọ́n Mike Johnson, olórí ilé, Republican tó ti máa ń ṣàríwísí ohun tí FBI ṣe kó tó dépò, wà lára àwọn tó ní rárá. Ó ní nígbà tóun di olórí, wọ́n fi àwọn ìwé àṣírí han òun, ojú òun wá là. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ìwé náà, aládùúgbò mi ò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yin náà. Ó kàn ní ká gba òun gbọ́. Mo kọ lẹ́tà sí aṣojú mi lọ́sẹ̀ yẹn, mo sì mú ẹ̀dà rẹ̀ lọ fún aládùúgbò mi. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì nídìí géètì rẹ̀, ó ní kí n bá òun tẹ ọ̀kan kóun náà fọwọ́ sí i.

Kí n parí ti Ìbàdàn. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Bàbá mi dìde pé òun fa ọwọ́ òun padà. Wọ́n jà títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọ́n wá fẹnu kò pé ọdẹ kò ní gba kọ́kọ́rọ́ kankan. Bó bá fura sí ilé, kó fọn fèrè, kó kan ilẹ̀kùn. Bí wọn kò bá dáhùn, kó lọ jí akọ̀wé àti onílé méjì, kí wọ́n jọ wọlé. Wọ́n tún fi náírà kan kún owó rẹ̀, Bàbá sì san án láìṣàwáwí, fún oṣù yẹn. Lóru ọjọ́ kan ní àsìkò ọyẹ́, a gbàgbé géètì sílẹ̀. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń fi igi kan irin géètì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lẹ́ẹ̀mẹta, ó tún dúró, ó tún kàn án. Kò wọlé. Bàbá mi dìde, ó tan láńtánì, ó ró aṣọ mọ́ra nítorí òtútù, ó sì jáde lọ dá a lóhùn.